Àwòrán àtijọ́ tí wọ́n kọ "W. Turner" sẹ́yìn ẹ̀: ta ló yà á, báwo ni mo sì ṣe lè tà á?

Àbíkẹ́ Croydon
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Wọ́n kó ẹrù ilé ìyá àgbà kan tó ti dolóògbé tà ní gbàǹjo ní Surrey, mo sì ra fódà awọ kan níbẹ̀. Férémù méjì tí wọ́n dì mọ́ ọn ni mo tìtorí ẹ̀ dá owó lé e. Ìgbà tí mo tú fódà náà nílé ni mo rí i pé àwòrán Òyìnbó ayé àtijọ́ ló kún inú ẹ̀: òmíràn pẹ́ńsù lásán, òmíràn tàdáwà, òmíràn ọ̀dà olómi. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ti wó, igi, màlúù, ọkọ̀ ojú omi, ẹ ṣáà mọ irú ẹ̀.

Ọ̀kan ló gbà mí lọ́kàn jù. Pápá tó tẹ́ lọ rẹrẹ, àgùntàn díẹ̀, òkè kan lọ́ọ̀ọ́kán, ojú ọ̀run sì gba ohun tó ju ìdajì bébà lọ. Wọ́n fi pẹ́ńsù kọ "W. Turner" sẹ́yìn ẹ̀. Ọkọ mi ti ń pè mí ní ìyá olówó. Mo fẹ́ tà á, ibo ni kí n gbé e gbà?

Ajé Wọlé
Turner kẹ̀! Ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn! Àǹtí, ẹ jí lójú oorun o. Wọ́n lu The Blue Rigi tí Turner yà ní gbàǹjo nílé gbàǹjo Christie's ní London lọ́dún 2006, £5.8 mílíọ̀nù ló lọ. Bébà àti omi lásán! Ẹ gbé e lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la kí olè tó gbọ́.

Lékan tẹ́lẹ̀-rí-gbàǹjo
Ajé Wọlé, rọra o jàre. Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ kú oríire, àmọ́ ẹ má tíì ránṣẹ́ pe àwọn tí ẹ jẹ ní gbèsè. Mo ṣiṣẹ́ nílé gbàǹjo rí, mi ò lè ka iye ìgbà tí ẹnìkan gbé "Turner" wọlé.

Owó tí Ajé Wọlé dá yẹn, òótọ́ ni. Òkè Rigi ní Switzerland ni Turner yà sórí bébà yẹn lọ́dún 1842, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Wọ́n fẹ́ gbé e jáde nílùú lẹ́yìn gbàǹjo, ìjọba ní kí wọ́n ṣì dúró ná bóyá ilé àkójọ kan nílé lè rówó rà á. Ilé àkójọ àwòrán Tate bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ, àwọn aráàlú ń dá £5, £5, wọ́n sì rí £4.95 mílíọ̀nù kó jọ lọ́dún 2007. Ó ti di tiwọn.

Ṣùgbọ́n nǹkan bí 30,000 iṣẹ́ orí bébà tó wà lọ́wọ́ Turner yẹn nígbà tó kú ló ti di ti orílẹ̀-èdè. Èyí tó ṣì ń rìn kiri ọjà, àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó ṣàdédé yọ jáde ní Surrey, ó lè ṣẹlẹ̀, àmọ́ kò wọ́pọ̀.

Ohun mìíràn ni pé William Turner méjì ló wà. Ẹni àkọ́kọ́ ni Joseph Mallord William, ọmọ bíbí Covent Garden, 1775 sí 1851. William ni wọ́n ń pè é nílé, "W Turner" ló sì máa ń kọ sára iṣẹ́ ẹ̀ nígbà tó ṣì kéré. Ìgbà tí Royal Academy, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ní London, sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ ní kíkún lọ́dún 1802 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ J M W. Ẹnì kejì, Black Bourton ní Oxfordshire ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1789. Ọ̀dọ̀ ayàwòrán kan, John Varley, ló ti kọ́ṣẹ́, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọ̀dà olómi yàwòrán lọ́dún 1808 nígbà tí kò tíì pé ogún ọdún, ó wá lọ fìdí kalẹ̀ sí Oxford, ó ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ yíyà títí tó fi kú lọ́dún 1862. Turner of Oxford ni wọ́n ń pè é kí wọ́n má baà ṣì í mú. Àgùntàn, pápá tó tẹ́jú, ojú ọ̀run gbàǹgbà: òun gan-an nìyẹn!

Ẹ gbé bébà náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí.

Bàbá Férémù
Àbíkẹ́ ọmọ mi, kí o tó gbé nǹkan kan sókè, fọ ọwọ́ rẹ kí o sì nù ún gbẹ. Mo ti ń ṣe férémù ní ìlú yìí láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dú, ohun tí ojú mi ti rí kọjá kèrémí. Má fi rọ́bà pa ìdọ̀tí kankan rẹ́. Má jẹ́ kí omi kàn án. Má lẹ tépù mọ́ ọn. Tí tòótòòtó aláwọ̀ ilẹ̀ bá wà lára ẹ̀, má dá a ṣe, àwọn tó ń tún bébà ṣe wà. Pákó tó wà lẹ́yìn férémù àti bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, má jù wọ́n nù, bó ti wù kó rí jákujàku tó. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó ta àwòrán yẹn lè wà níbẹ̀, tàbí nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé ọjà. Ìwé ọjà àtijọ́ ti Agnew's, ilé oníṣòwò àwòrán, bí àpẹẹrẹ, wà ní National Gallery ní London báyìí. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà lọ́wọ́ lè lọ wò ó níbẹ̀.

Ní ti inú bébà. James Whatman, tó ni Turkey Mill ní Maidstone ní Kent, ló bẹ̀rẹ̀ bébà tí kò ní ìlà wínníwínní nínú, ní nǹkan bí ọdún 1757. Bébà ti tẹ́lẹ̀ ní ipa wáyà nínú, ọ̀dà olómi á máa dúró sínú ipa yẹn. Ti Whatman dán, ó le, o lè fọ ọ̀dà kúrò lójú ẹ̀ kó má ya. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń sáré lọ rà á. Láti ọdún 1794 ni òfin owó orí bébà ti mú kí àwọn tó ń ṣe é máa fi ọdún sínú àmì wọn, o sì máa rí i tí o bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Àwòrán kò lè ju bébà tó wà lórí ẹ̀ lọ́jọ́ orí, àfi kí ọmọ bí ìyá ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè kéré sí i: ẹlòmíràn ra bébà pamọ́ fún ogún ọdún. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ní Yúróòpù sì ń jí orúkọ Whatman lò, nítorí náà wo lẹ́tà ẹ̀ dáadáa.

Àbíkẹ́ Croydon
Ẹ ṣeun bàbá, mo gbọ́. Mo gbé e sí fèrèsé. Mo rí J WHATMAN, TURKEY MILL nísàlẹ̀ ẹ̀, lẹ́yìn náà 1828.

Lékan tẹ́lẹ̀-rí-gbàǹjo
Ó ti bọ́ lọ́wọ́ ará Covent Garden nìyẹn. Ẹni tó ti fi "W Turner" sílẹ̀ láti bí ọdún 26, kò ní padà wá kọ ọ́ sẹ́yìn bébà 1828. Ti Oxford ṣì lè jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀yìn bébà kì í ṣe ìfọwọ́sí. Ó lè jẹ́ ẹni tó rà á ló kọ ọ́, tàbí ẹni tó jogún ẹ̀. Ohun tó jẹ́rìí sí kò ju pé ẹnìkan rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan.

Ẹ lo awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Ẹ wo ibi tó funfun lára àgùntàn. Ṣé ọ̀dà funfun ni àbí ojú bébà? Chinese White, ọ̀dà funfun ti ilé iṣẹ́ Winsor & Newton, kò tíì dé ṣáájú ọdún 1834. Ọ̀dà funfun tí wọ́n ní ṣáájú ìyẹn, òjé ni, ó sì máa ń dúdú lórí bébà. Nítorí náà àwọn tó mọṣẹ́ máa ń fi ojú bébà sílẹ̀ láìkùn, tàbí kí wọ́n fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà kúrò.

Àbíkẹ́ Croydon
Kò sí ọ̀dà funfun. Ojú bébà ni, wọ́n sì fi nǹkan mímú ha ẹ̀yìn àgùntàn méjì. Ìlà pẹ́ńsù tó wà lábẹ́ ẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, kò sì sí ibi tí wọ́n ti tún un fà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó mú mi kígbe. Mo tún tú fódà yẹn, mo rí àwòrán yẹn gan-an lẹ́ẹ̀kan sí i! Pápá kan náà, òkè kan náà, àgùntàn kan náà, àmọ́ ó rí bákan. Àwọ̀ ewé ẹ̀ ti pọ̀ jù, àwọn àgùntàn yẹn wú. Wọ́n kọ "E.M. 1831" sí igun ẹ̀. Lẹ́tà E.M. yẹn wà lára bíi mẹ́rin mìíràn nínú fódà.

Tàjùdéènì Norwich
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àná láìsọ nǹkan kan, àmọ́ mi ò lè dákẹ́ mọ́. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú fódà yẹn ká o! Ohun tó wà níbẹ̀ kọjá àwòrán kan.

Láyé ìgbà yẹn, iṣẹ́ yíyà jẹ́ ara ẹ̀kọ́ ọmọ olówó, pàápàá àwọn ọmọbìnrin. Olùkọ́ á mú iṣẹ́ ara ẹ̀ wá, ọmọ á dà á kọ láti òkè dé ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán ti ń jẹun. Varley ń kọ́ni, David Cox kọ́ni ní Hereford, Turner of Oxford kọ́ni títí ọjọ́ alẹ́ ẹ̀. Ní ìlú mi níbí, John Sell Cotman ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: láti ọdún 1809 ló ti ń ya iṣẹ́ ẹ̀ fáwọn tó ń san àsansílẹ̀ owó, wọ́n á gbé e relé, wọ́n á dà á kọ, wọ́n á dá a padà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí nọ́ńbà lára ọ̀pọ̀ Cotman. Ní London, Ackermann tó ń ta àwòrán náà ń yá àwọn èèyàn ní àwòrán láti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Strand. Ẹ ronú iye àdàkọ tó ti ibẹ̀ jáde! Púpọ̀ nínú ohun tí à ń rà lọ́jà lónìí ni ọwọ́ àwọn ọmọbìnrin yẹn yà. Kò sí ẹni tó fẹ́ fi tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn tó jogún ẹ̀ ló gbàgbé, alágbàtà ló wá fi orúkọ ńlá kún un.

Tó bá jẹ́ bí mo ṣe rò ó, E.M. jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́, èyí tí kò ní lẹ́tà sì ni olùkọ́ fi sílẹ̀ fún un láti dà kọ. Olùkọ́ àti ọmọ ẹ̀kọ́ nínú fódà kan náà! Ẹ mọ bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó? Tí ẹ bá ta ọ̀kan sí Bath, tí ẹ ta èkejì sí York, ẹ̀rí yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sí ẹni tó máa lè tò ó padà.

Ajé Wọlé
Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ẹni tó máa gbé e sórí eBay, á kọ Turner gàdàgbà, á fi àmì ìbéèrè sẹ́yìn ẹ̀ kí òfin má baà mú un. Kí ẹni tó bá fẹ́ rà á fúnra ẹ̀ lajú sílẹ̀.

Lékan tẹ́lẹ̀-rí-gbàǹjo
Jìbìtì ni, àmì ìbéèrè ò sì lè gbà á sílẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ọjà òun kì í ṣe ohun tí òun pè é, tó ṣì pè é bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀ lè dé kóòtù. Tom Keating ya ayédèrú iṣẹ́ ayàwòrán àtijọ́ kan, Samuel Palmer, títí àwọn ilé tó lórúkọ fi ń rà á. Ìwé ìròyìn The Times tú u fó lọ́dún 1976, òun fúnra ẹ̀ sì jẹ́wọ́. Wọ́n gbé e lọ sí Old Bailey lọ́dún 1979, àìsàn ló jẹ́ kí wọ́n dá ẹjọ́ náà dúró. Títí di òní, ẹni tó bá gbé Palmer tí kò nítàn wá, wọ́n á kọ́kọ́ wò ó tìfura-tìfura.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìwé gbàǹjo ṣe ń pín in, nítorí ibẹ̀ ni owó wà. Tí wọ́n bá kọ orúkọ ayàwòrán ní kíkún láìfi nǹkan kan sí i, wọ́n gbà pé òun ló yà á. "Attributed to", ó jọ pé òun ni, ọwọ́ wọn kò kàn dá a. "Circle of", ẹnìkan tó wà láyé nígbà ẹ̀, tó sì sún mọ́ ọ̀nà ẹ̀. "Manner of", ẹnìkan tó ń fara wé e, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn ikú ẹ̀ tipẹ́. "After", àdàkọ. Bí wọ́n bá kọ "signed", wọ́n gbà pé òun ló fọwọ́ sí i; bí wọ́n bá kọ "bears signature", ẹ káwọ́ síwájú. Ọ̀rọ̀ kan nínú ìwọ̀nyí lè gbé owó láti £80 lọ sí £2,000, àwòrán kan náà.

Mosún L.
Ẹ kú iṣẹ́ o. Èkó ni mo wà, iṣẹ́ ọnà ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Àwa náà mọ ọ̀dà olómi, ṣebí òun ni Aina Onabolu fi ya Ìyáàfin Spencer Savage lọ́dún 1906, kó tó wá kàwé ní London níbẹ̀ yẹn lọ́dún 1920. Ìbéèrè mi ni pé ṣé àwọn Òyìnbó ayé ìgbà yẹn ya ilẹ̀ tiwa rárá? Ìkejì, olùkọ́ wa ní ọ̀pọ̀ àwòrán àtijọ́ wọn ni ojú ọ̀run ẹ̀ ti pọ́n láìjẹ́ ìrọ̀lẹ́. Kí ló fà á?

Bàbá Férémù
Aró ni, ọmọ mi. Aró tí ẹ fi ń pa àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta náà ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá láti Íńdíà, wọ́n á pò ó mọ́ ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ilẹ̀ ṣe, ìyẹn ni àwọ̀ eérú tí wọ́n fi ń ya ìkùukùu. Lórí aṣọ, aró máa ń mu òwú. Lórí bébà, ó kàn tẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ sókè ni, oòrùn á sì fà á lọ. Ọ̀dà ilẹ̀ kì í ṣá, nítorí náà pupa nìkan ló máa kù. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ayàwòrán Girtin ló ti di bẹ́ẹ̀, ti Peter De Wint náà. Thomas Girtin yẹn, ọdún kan náà ni wọ́n bí òun àti Turner, 1775, ó sì kú lẹ́ni ọdún 27. Ìyẹn dùn mí ju ojú ọ̀run tó pọ́n lọ.

Àríyànjiyàn lórí bóyá ìmọ́lẹ̀ ló ń ba ọ̀dà olómi jẹ́ gbóná nílẹ̀ yìí débi pé ìjọba ní kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Russell àti Abney, wádìí ẹ̀. Ìwé wọn jáde lọ́dún 1888, wọ́n fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ ẹ́, pàápàá tí afẹ́fẹ́ bá ní ọ̀rinrin. Lónìí, àwọn ilé àkójọ kì í sábà jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ju 50 lux (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) lọ lójú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbé e síta fún oṣù díẹ̀, wọ́n á tún dá a padà sínú àpótí. Gíláàsì tó ń dí ìmọ́lẹ̀ burúkú dára, àmọ́ kò tán ìṣòro. Àbíkẹ́, má gbé e kọ́ sí iwájú fèrèsé pálọ̀ nítorí àlejò o.

Tàjùdéènì Norwich
Mosún, wọ́n yà á. William Allen, ọmọ ogun ojú omi, bá arìnrìn-àjò Richard Lander rìn ní odò Ọya lọ́dún 1832 sí 1833, ó ń yà bí wọ́n ṣe ń lọ, ìwé àwòrán ẹ̀ sì jáde ní London lọ́dún 1840. Àtẹ̀jáde ni èyí tó jáde yẹn. Tí ẹ bá rí ojú ìwé kan lọ́jà, ẹni tó ń tà á lè ní iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ẹ gbé awò sí i: tí ìlà bá ti jẹ́ ti inki ẹ̀rọ, tí ọ̀dà kàn gùn ún lórí, àtẹ̀jáde tí wọ́n fọwọ́ kùn ni.

Kí n fi kún ti De Wint: kì í sábà fọwọ́ sí iṣẹ́ ẹ̀. Tí mo bá rí De Wint tí wọ́n kọ orúkọ sí gàdàgbà, ọkàn mi kì í balẹ̀. Ayàwòrán mìíràn, Birket Foster ní tiẹ̀, lẹ́tà B àti F tó so pọ̀ ló fi ń ṣe àmì, àwọn ayédèrú sì mọ lẹ́tà méjì yẹn í kọ ju òun lọ.

Àbíkẹ́ Croydon
Ó dáa, mi ò ní tú u ká. Ṣùgbọ́n mo ṣì fẹ́ tà á o, mi ò purọ́ fún yín. Gbàǹjo ni àbí oníṣòwò?

Lékan tẹ́lẹ̀-rí-gbàǹjo
Gbàǹjo ni èmi fara mọ́, èyí tó ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ orí bébà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe èyí tí wọ́n á ti tà á láàárín àga àti ìkòkò. Ẹ bá wọn ṣàdéhùn iye tí kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ béèrè gbogbo owó tí wọ́n máa yọ: 15% tàbí 20% lọ́wọ́ yín, VAT (owó orí ọjà) lórí ìyẹn, nígbà míì owó fọ́tò àti ìbánigbófò. Ẹni tó ń rà náà ń san tiẹ̀ lọ́tọ̀, bíi 25% lé lórí ibi tí òòlù bá kàn, nítorí náà ohun tí ó fẹ́ dá kì í ṣe ohun tí yóò wọ àpò yín. Ní ti owó orí, ohun ìní kan ṣoṣo tí wọ́n bá tà tí kò ju £6,000 lọ, ìjọba kì í gba owó orí èrè lórí ẹ̀, àfi tí ẹ bá sọ ọ́ di òwò.

Ẹ má retí ọ̀run. Ọjà àwòrán ọ̀dà olómi tó jẹ́ ti ayé Victoria ti lọ sílẹ̀ gan-an láti bí ọgbọ̀n ọdún. Àwọn tó ń rà á fún pálọ̀ ti dàgbà, àwọn ọmọ wọn kò fẹ́ màlúù lára ògiri. Iṣẹ́ àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ tí kò lórúkọ, ọ̀pọ̀ kì í dé £100. Àwọn tó dáa gan-an, tí àwọ̀ wọn kò tíì ṣá, ni wọ́n ṣì ń jà lé lórí.

Tàjùdéènì Norwich
Ẹ̀gbọ́n Lékan, ẹ dárí jì mí, mi ò gbà. Ilé gbàǹjo tó wà nítòsí wọn máa wo fódà náà, wọ́n á yọ "Turner" sọ́tọ̀, wọ́n á di ìyókù sínú páálí kan. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí àwòrán ìdílé kan níbí, wọ́n ta olùkọ́, wọ́n sì fi ọmọ ẹ̀kọ́ ṣe èènì. Oníṣòwò tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ máa ra gbogbo ẹ̀ papọ̀, nítorí ó mọ ẹni tó ń kó irú ẹ̀ jọ. Paul Oppé, tó ń kó àwòrán jọ, nìkan ra irú ìwọ̀nyí nígbà tí kò sí ẹni tó kà wọ́n sí, òun ló jẹ́ kí ayé tún mọ ayàwòrán Francis Towne. Nǹkan bí 3,000 iṣẹ́ tó kó jọ ni Tate rà lọ́dún 1996.

Lékan tẹ́lẹ̀-rí-gbàǹjo
Oníṣòwò náà fẹ́ jẹun, Tàjù. Yóò san ìdajì, bóyá ìdá mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn gbàǹjo pé gbogbo fódà gbọ́dọ̀ lọ papọ̀, ó ti tán.

Kí ẹ tó pinnu, ẹ kọ lẹ́tà sí yàrá ìwé àwòrán ilé àkójọ Ashmolean ní Oxford. Wọ́n ní iṣẹ́ Turner of Oxford lọ́wọ́, ẹ lè bá wọn dá ọjọ́ láti wá wò ó kí ẹ sì fi ti ọwọ́ yín wé e. Ti British Museum ní London náà ṣí fún aráàlú lọ́fẹ̀ẹ́ tí ẹ bá ti dá ọjọ́. Wọn kò ní sọ iye owó fún yín, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú yín ni ẹ fẹ́ kó kọ́ ẹ̀kọ́. Ẹ wo bó ṣe ń ya ewé tó wà níwájú àti bó ṣe ń fi àwọ̀ tẹ ojú ọ̀run láìdáwọ́ dúró.

Àbíkẹ́ Croydon
Mo ti kọ̀wé sí wọn, wọ́n ti fún mi lọ́jọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀. Fódà yẹn wà lábẹ́ ibùsùn báyìí, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, bébà tí kò ní ásíìdì wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan bí Bàbá ṣe ní. Mo tún ti bẹ àwọn tó ta ẹrù ilé yẹn pé kí wọ́n bá mi béèrè lọ́wọ́ ìdílé náà bóyá wọ́n mọ ẹni tó ń jẹ́ E.M.

Ajé Wọlé
Àǹtí, àwọn E.M. yẹn ńkọ́, àwọn àgùntàn tó wú? Mo fẹ́ ọ̀kan fún yàrá ìgbọ̀nsẹ̀ mi. £30, owó gidi.

Alámòójútó
Ajé Wọlé, a kì í tajà níbí, o mọ òfin. Àǹtí Àbíkẹ́, tí ẹ bá ti Oxford dé, ẹ gbé fọ́tò méjèèjì sójú kan náà, kí àmì inú bébà ti E.M. náà hàn. Kò sí ẹni tó tíì béèrè ọdún tó wà nínú ẹ̀.

Àbíkẹ́ Croydon
Háà, òótọ́ ni! Ẹ dúró, mò ń lọ gbé e sí fèrèsé.

J WHATMAN, TURKEY MILL, 1828.